Gìtá béèsì ẹgbẹ́ wa: ẹ má tà á, ẹ jẹ́ ká ta á

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dópin kẹ́ ẹ tó dá wa lóhùn.

Ọ̀rọ̀ náà rè é. Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn kan dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ sọ gìtá béèsì àti àpótí sípíkà tó wà nílé akápò di owó, kí a fi owó náà ra àga rọ́bà tí àwọn tó bá ń ṣe ìnáwó á máa wá háyà. Ìdí mẹ́ta ni wọ́n sọ. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́. Wọ́n ní a ti tú u, a ti tún un ṣe títí, kì í ṣe ojúlówó mọ́. Wọ́n ní àwọn ọmọ wa ti ní kíbọọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì, DJ sì wà fún òde. Sunday àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀ ni a máa dìbò lé e. Kí ọjọ́ náà tó pé, àwa náà fẹ́ sọ tẹnu wa.

Àwa tí à ń sọ̀rọ̀ yìí, mẹ́rin ni wá. Ọ̀kan ń ta ìṣó, ọ̀dà àti wáyà iná. Òun ló ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù yìí. Ọ̀kan jẹ́ télọ̀. Ọ̀kan ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Ọ̀kan ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Kò sí olórin nínú wa. Kò sẹ́ni tó fi gìtá jẹun rí nínú wa, kò sì sẹ́ni tó rò pé òun máa di Sunny Adé. Tí a bá ti ṣọ́ọ̀bù tán, tí ara bá ti rọ̀ wá díẹ̀, a máa ń jókòó ta orin fún ara wa. Ìyẹn náà tó wa. Ẹlòmíì ń wo bọ́ọ̀lù, ẹlòmíì ń ta ayò. Tiwa ni béèsì.

Ní 2009 la ra gìtá yìí. Àwọn mọ́kànlá ló dá owó jọ, àjọ ọ̀sẹ̀ la fi ṣe é. ₦32,000 ni, owó ńlá ni nígbà yẹn fún àwa oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké. Tòkunbọ̀ ni, Yamaha olókùn mẹ́rin. Ẹni kan nínú wa lọ rà á bọ̀ láti Èkó, ó gbé e sórí itan bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dópin ìrìn, kò jẹ́ kí wọ́n jù ú sí bùútù ọkọ̀. Nínú àwọn mọ́kànlá yẹn, mẹ́ta ti di olóògbé. Mẹ́rin ti padà sílé: ọ̀kan sí Ọ̀fà, ọ̀kan sí Ìlá, méjì sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwa mẹ́rin yìí ló ṣẹ́ kù. Nítorí náà, tí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ yìí dùn wá ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ mọ ibi tó ti ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí béèsì jẹ́ fún ẹni tí kò mọ̀. Béèsì ni ìdí orin. Ẹni tó ń jó lójú agbo lè má mọ̀ pé òun ń gbọ́ ọ. Ọjọ́ tó bá dákẹ́ ló máa ń mọ̀, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní mọ ibi tó máa balẹ̀ sí. Àwọn baba wa mọ èyí kí òyìnbó tó gbé gìtá oníná dé. Kí ni agídìgbo, tí kì í bá ṣe béèsì? Àpótí igi ni, irin pẹlẹbẹ wà lójú rẹ̀, ọwọ́ la fi ń ta irin náà, ohùn ìsàlẹ̀ ló sì ń mú jáde. Ó wà nínú àpàlà, ó sì wà nínú jùjú ìgbà àtijọ́. Àwọn àgbà ló wí pé bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ẹ wò ó dáadáa: wọn ò sọ pé ó ń dún, wọ́n ní ó ń pa òwe. Ohùn ìsàlẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀, tiwa ni látayébáyé.

Gìtá béèsì oníná, ìyẹn dé lẹ́yìn. Ní 1951 ni Leo Fender, ará California ní Amẹ́ríkà, gbé èyí tó ń jẹ́ Precision Bass jáde. Kí ó tó dé, béèsì ńlá tó ga ju èèyàn lọ ni àwọn òṣèré ń gbé kiri, ìdúró ni wọ́n sì ń ta á. Fender fi fret, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, sára tirẹ̀, kí ẹni tó ń ta á lè mọ ibi tí ohùn wà gan-an láìfi etí wá a kiri. Èyí náà ló fi sọ ọ́ ní Precision. Nígbà tí irú gìtá yìí wọ inú jùjú, ṣe ló bá ilé tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó jókòó sáyè agídìgbo. Ẹni tó bá ní àwo Ebenezer Obey tàbí ti Sunny Adé láti 1970 sókè nílé, kó gbé e sí i lálẹ́ òní. Kó má gbọ́ ohùn olórin, kó má gbọ́ gángan, kó gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ nìkan. Ó máa rí i pé ìtàn lọ́tọ̀ ló ń sọ lábẹ́ orin.

Ó kan ẹ̀sùn tó dùn wá jù: wọ́n ní kì í ṣe ojúlówó mọ́.

Òótọ́ ni, a ti tún un ṣe. A ò sẹ́. Ẹ jẹ́ ká ka ohun tí a ṣe síta, kí gbogbo èèyàn mọ̀.

Ọdún kejì tí a rà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin. Tí a bá ti so ó mọ́ sípíkà, ariwo náà á bo orin mọ́lẹ̀. A gbé e fún ẹnì kan tó sọ pé òun mọ̀ ọ́n tún ṣe, a ò ní dárúkọ rẹ̀ o. Ó gba owó, ó fi pépà fá ọrùn gìtá tó ń dán gbinrin, ó dá a padà, ariwo ò kúrò. Ìgbà yẹn la pinnu pé àwa fúnra wa la máa ṣí i. A ṣàkíyèsí pé tí a bá fọwọ́ kan irin ojúhò tí wáyà ń wọ̀, ariwo á dákẹ́. Tí a bá fọwọ́ kan okùn gìtá, kì í dákẹ́. Ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe nínú wa ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀: wáyà kékeré tó so irin ìdí okùn mọ́ earth ti já nínú. A jó o pọ̀ padà. A tún fi bébà fóìlì tí wọ́n fi ń yan ẹja tẹ́ inú ihò gìtá yíká, a sì so òun náà mọ́ earth. Láti ìgbà náà, kẹ́kẹ́ pa.

Ní ọdún mìíràn, kókó tí a fi ń mú ohùn lọ sókè sódò bẹ̀rẹ̀ sí í há gbàràgbàrà. Àwa náà, ká má purọ́, a ṣàṣìṣe níbẹ̀. A yọ ti rédíò àtijọ́ kan, a fi sí i. Ó bá a mu lójú, àmọ́ ṣe ni ohùn gìtá náà ṣókùnkùn bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìbora. Ẹ̀yìn rẹ̀ la tó mọ̀ pé ti rédíò yẹn jẹ́ 10k, ti irú gìtá wa sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 250k. Èyí tó kéré yẹn ń gbé gbogbo ohùn òkè mì. A ra èyí tó yẹ, ohùn padà. Ẹ̀kọ́ ni fún wa: kì í ṣe gbogbo ohun tó bá wọ ihò ló yẹ ihò.

Rọ́bà kékeré tó wà lọ́rùn gìtá, tí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gba orí rẹ̀ kọjá, òun náà kán. A ò rí irú rẹ̀ rà. A mú èyí tó kán lọ sí Igun Street, lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn tó ń rọ idẹ níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò ṣe irú èyí rí. Ó gé idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi fáìlì rẹ́ ẹ, àwa àti òun jọ ń wọ̀n ọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú. Idẹ náà ló wà lọ́rùn gìtá wa dòní. Tí ẹ bá ta okùn lásán láìtẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ̀ ń dún gbọnrangandan. Ẹ̀yin ará, àwọn tí baba ńlá wọn ń rọ idẹ fún Ọba Bìní ló fọwọ́ kan gìtá yìí. Àbí kí la tún ń pè ní ojúlówó?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọrùn náà. Òjò Bìní kì í ṣe òjò kékeré. Tí omi bá ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, igi ọrùn gìtá á gbà á, á tẹ̀ síwájú, okùn á jìnnà sójú igi, ìka á máa dun èèyàn. Tí ọyẹ́ bá dé, á tún gbẹ, á padà, okùn á máa gbo fret. Irin gígùn kan wà nínú ọrùn náà fún èyí. Ìdá mẹ́rin ìyípo kan la máa ń yí i, sí ọ̀tún tí ọrùn bá tẹ̀ síwájú, sí òsì tó bá ti le jù, a ó sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì ká tó wò ó. Ẹni tó bá fi agídí yí i á gbọ́ ohùn tí kò fẹ́ gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún la ń ṣe é. Àwọn okùn ńkọ́? Tí owó okùn tuntun bá wọ́n, a máa ń bọ ti àtijọ́ nínú omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀, kí òógùn ọwọ́ àti ìdọ̀tí lè kúrò, ká nù ún gbẹ dáadáa, ó sì ń gbà wá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Kì í ṣe àwa nìkan là ń ṣe báyìí láyé. James Jamerson tó ta béèsì sínú ọ̀pọ̀ orin Motown ní Detroit, wọ́n mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í pààrọ̀ okùn àfi tó bá já. Jaco Pastorius, ẹni tí àwọn onígìtá gbogbo ayé ń tẹríba fún, gìtá tó fi gba orúkọ jẹ́ èyí tí wọ́n ti yọ gbogbo fret rẹ̀ kúrò, tó sì wá fi oje epoxy bo ojú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kì í ṣe ojúlówó mọ́.

Kí la tiẹ̀ ń lọ jìnnà fún? Ẹ rántí ìlú tí a wà. Sir Victor Uwaifo, ọmọ Bìní yìí kan náà, ẹni tó kọ Joromi, nígbà tó wà lọ́mọdé tí kò rówó ra gìtá, ó fi páńkẹ́rẹ́ ṣe é? Rárá. Páálí igi plywood ló fi ṣe é. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ló fi ṣe fret, okùn pàkúté ló fi ṣe okùn, ohun tí wọ́n fi ń ṣí agolo sadíìnì ló fi ṣe ìlọ́wọ́ tó ń fa okùn. Ó lọ sí St. Gregory's ní Èkó, ó lọ sí Yaba Tech, àárín àwa Yorùbá ló ti dàgbà nínú orin. Nígbà tó di ìlú mọ̀ọ́ká tán, ó tún ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gìtá tí ẹnikẹ́ni ò rí irú rẹ̀ rí, títí kan olókùn méjìdínlógún. Nígbà tó ti dàgbà, ó padà sílé ẹ̀kọ́, ó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Bìní, ó sì kọ́ àwọn ẹlòmíì níbẹ̀. August 28, 2021 ló fi ayé sílẹ̀, lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ohun tí a fẹ́ fà yọ rè é: ọmọ Bìní yìí lọ sí Èkó, kò gbàgbé èdè rẹ̀. Ṣe ló gbé èdè Edo sórí gìtá, gbogbo Áfíríkà sì jó o. Àwa Yorùbá tá a wá sí Bìní ńkọ́? Kí la gbé èdè tiwa sórí rẹ̀?

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Àwọn ọmọ wa ní Ekenwan Road, wọ́n mọ Pidgin bí ẹni mu omi. Wọ́n gbọ́ Edo, wọ́n ń kí àwọn ìyá oníle ní "kóyo", ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbé ìlú tí kò gbọ́ èdè ibẹ̀, ó ń fìyà jẹ ara rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá ń bọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n mọ ọ̀rọ̀, wọn ò mọ ohùn. Ọmọbìnrin kan nínú ilé ọ̀kan nínú wa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń bá ìyá bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó fẹ́ sọ pé bàbá òun ra ọkọ̀ tuntun. Ó ní, "Màmá, dádì ti ra ọkọ tuntun." Ìyá rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ó ní, "Ẹ fún bàbá rẹ ní fóònù." Ohun tó bá ọmọ rẹ̀ sọ nìyí: "Ṣé o fẹ́ kí n kú tán kí ọmọ rẹ má lè bá àwọn ẹbí sọ̀rọ̀ ni?"

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, télọ̀ wa pe ọmọ náà sídìí gìtá. Ó ta ohùn kan lẹ́ẹ̀mejì lójú kan náà, ó ní, "Ọkọ nìyí, ọkọ ìyàwó." Ó ta á, ó sọ̀kalẹ̀, ó ní, "Ọkọ̀ nìyí, èyí tí à ń wọ̀." Ó ta á, ó gòkè, ó ní, "Ọkọ́ nìyí, èyí tí wọ́n fi ń roko." Ọmọ náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá a fúnra rẹ̀, ó rí i. Láàárín wákàtí kan ó ti ń ta igbá, igba, ìgbà àti igbà, kò sì sí èyí tó ṣì. Ọjọ́ Saturday tó tẹ̀ lé e, ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wá. Kó tó di oṣù kejì, ọmọ méje la ní. A sọ ọ́ di eré: ẹnì kan á ta ọ̀rọ̀ kan tàbí òwe kan, àwọn yòókù á sọ ohun tí béèsì wí. Ẹni tó bá gbà á, òun ló kàn. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò kẹ́ ẹ rí ariwo tí wọ́n máa pa. Gìtá olókùn mẹ́rin tí ẹ ní kò wúlò, òun ló ń kọ́ ọmọ yín ní àmì ohùn tí ìwé ò kọ́ wọn.

Ẹ tiẹ̀ wo àkọlé tí a fún ọ̀rọ̀ yìí. "Tà á" ni kí a fi gba owó. "Ta á" ni kí a fi ṣe orin. Ohùn kan ṣoṣo ló wà láàárín méjèèjì. Tí ọmọ yín bá ka àkọlé yẹn tí kò mọ ìyàtọ̀, ẹ ti rí ìdí tí a fi ń bẹ̀ yín.

Àwọn kan á ní, dùndún ńkọ́? Ṣé kì í ṣe òun ló ń sọ̀rọ̀ jù? A ò bá dùndún jà. Ọ̀gá ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: mélòó ni ọmọ Àyàn tó kù láàárín wa níbí? Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọwọ́ fi ń mọ dùndún. Lórí béèsì, fret ti fi ibi tí ohùn wà han ọmọdé, ọjọ́ kan péré ló fi máa rí ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́. Tó bá dàgbà tó wá fẹ́ lọ kọ́ dùndún, etí rẹ̀ ti là.

Ó wá kù ẹ̀sùn pé kò sẹ́ni tó ń lò ó. Ẹ̀yin ará, ta ló tì í mọ́lé? Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn mọ́kànlá náà, ẹni tí gìtá ń wà lọ́dọ̀ rẹ̀, jáde láyé, ẹgbẹ́ ní kí ohun ìní ẹgbẹ́ lọ sílé akápò. A ò bínú sí i, bó ṣe yẹ ni. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Kọ́kọ́rọ́ wà, àyè ò sí. Ẹni tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́, tí wọ́n wá ń sọ pé kì í jáde, ṣé ẹjọ́ rẹ̀ ni?

Àmọ́ ká má fi gbogbo ẹ̀bi lé ẹlòmíì lórí. Àwa náà jẹ̀bi. Ó yẹ ká ti tọ ẹgbẹ́ lọ láti ìgbà yẹn, a dákẹ́, à ń kùn láàárín ara wa. Ẹnì kan nínú wa jẹ owó oṣù, ojú ń tì í láti sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Ìgbà tí a sì ta orin níbi àpèjọ ẹgbẹ́ gbẹ̀yìn, epo tán nínú jẹnẹrétọ̀ láàárín orin, a dójú ti ara wa. A gbà. Gbogbo ìyẹn la fẹ́ tún ṣe.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, nítorí oníṣòwò ni ọ̀pọ̀ wa. ₦45,000 lẹni tó wá wo gìtá náà àti àpótí sípíkà fẹ́ san fún méjèèjì. Ìdí tó fi pe iye yẹn ni pé a ti tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó máa sanwó idẹ Igun Street fún wa, kò sẹ́ni tó máa sanwó fóìlì àti àṣìṣe 10k tí a fi kọ́gbọ́n. Ní ọjà, gbogbo ìyẹn ò tó nǹkan. Lọ́wọ́ wa, ìyẹn gan-an ni iye rẹ̀. Ẹ lọ béèrè iye àga rọ́bà kan ní Oba Market, kẹ́ ẹ pín ₦45,000 sí i, kẹ́ ẹ wo iye àga tó máa bá wa délé. Àga á máa kán, wọ́n á máa jí i gbé lóde ìnáwó, ọdún méjì kò ní pé. Lọ́jọ́ tí a bá tún fẹ́ ra irú gìtá yìí, a ò ní rówó rẹ̀. Oníṣòwò tó ta ohun tí kò lè rà padà, kó má pè é ní èrè.

Àwa ò kàn wá ṣàròyé. Àbá tiwa rè é.

Ẹ jẹ́ kí gìtá àti sípíkà wá sí ṣọ́ọ̀bù oníṣòó tó wà nínú wa. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ti ẹgbẹ́ ni, a ó fọwọ́ sí i. Gbogbo Saturday, láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìlẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀. Mùsùlùmí, Krìstẹ́nì, ọkùnrin, obìnrin, ọmọ ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọdún méje, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ Bìní tó bá fẹ́ bá wọn wá, káàbọ̀. Owó okùn àti owó epo, àwa mẹ́rin la máa san án. Tí ọdún bá dé, Iléyá tàbí Kérésì, àwọn ọmọ á jáde síwájú ẹgbẹ́, béèsì á sọ̀rọ̀, ẹ̀yin àgbà lẹ máa túmọ̀ rẹ̀.

Ní ti àga, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ẹgbẹ́ mú àga kan wá. Ẹyọ kan péré. Ẹ máa rí i pé iye tí a máa ní á ju èyí tí owó gìtá lè rà lọ fíìfíì. Àwa mẹ́rin máa mú méjì-méjì wá.

Ẹ fún wa ní oṣù mẹ́fà. Tí oṣù mẹ́fà bá pé, tí ọmọ tó ń wá kò bá tó márùn-ún, àwa fúnra wa la máa gbé gìtá náà lọ fún ẹni tó fẹ́ rà á, a ó kó owó rẹ̀ fún akápò, a ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tí a fi ń tọrọ oṣù mẹ́fà nìyẹn. Kì í ṣe nítorí tiwa. Ọwọ́ wa ti ń le, ìka télọ̀ wa ti ń dùn ún, ojú tíṣà wa kò ríran dáadáa mọ́ lálẹ́. Kò ní pẹ́ tí àwa náà á máa múra ilé bíi tàwọn tó ṣáájú. Àmọ́ kí a tó lọ, a fẹ́ fi í sí ọwọ́ ẹni tó máa mọ ohun tó ń sọ.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti pé mọ́kànlá báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó pàdé télọ̀ wa níwájú Ekenwan Campus, ó dọ̀bálẹ̀ lọ́nà àwọn ọmọkùnrin nítorí kò mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ ni tirẹ̀, ó ní, "Bàbá, ìgbà wo la tún máa ta béèsì?" Ohùn rẹ̀ pé lórí "ìgbà." Kò sọ igbá, kò sọ igba. Télọ̀ ò mọ èsì tó máa fún un.

Ẹ̀yin ará, Sunday àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wá. Ẹni tí kò bá lè wá, kó sọ èrò rẹ̀ níbí, a ó kà á síta ní ìpàdé, ìbáà gbè wá, ìbáà má gbè wá. Ẹ bá wa wá èsì fún ọmọ náà.

Ire kàbìtì o. Àwa mẹ́rin oníbéèsì, Ekenwan Road.